Ǹjẹ́ Ire Lè Dá Ìṣẹ́gun Láre? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀ràn Ilẹ̀-Ọba Róòmù

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn àwọn ará Róòmù àtijọ́, ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé kí a pín ọ̀rọ̀ náà sí ọ̀nà méjì: ogun tí wọ́n jà ní apá kan, ire tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aráyé ní apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ á há ọdún ogun sórí, á sì tún há òpópó, afárá, òfin àti èdè sórí. Bí ìdánwò bá dé, yóò kọ apá kìíní sí òkè, yóò kọ apá kejì sí ìsàlẹ̀, yóò sì fi gbólóhùn kan kádìí rẹ̀ pé àǹfààní wọn pọ̀ ju ìpalára wọn lọ. Olùkọ́ á fún un ní máàkì. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú nínú irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́, bí kò ṣe pé ó ti dáhùn ìbéèrè ńlá kan láìmọ̀ pé ìbéèrè wà níbẹ̀ rárá. Ta ni ó gbé ire náà sórí ìwọ̀n? Ta ni ìpalára náà bá? Ǹjẹ́ ire tí ọmọ-ọmọ jẹ lè dúró gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn fún ẹ̀jẹ̀ baba-ńlá tí a ta sílẹ̀? Èyí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò. Róòmù ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé n kò mọ ilẹ̀-ọba àtijọ́ mìíràn tí ìṣẹ́gun rẹ̀ àti ire rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dájọ́, ó yẹ kí a rántí bí ìlú náà ṣe dìde. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn gbà pé ọdún 753 ṣáájú ìbí Kristi (tí n ó máa kọ ní Ṣ.K. láti ibi yìí lọ, gẹ́gẹ́ bí L.K. yóò ti dúró fún lẹ́yìn ìbí rẹ̀) ni a tẹ ìlú wọn dó sí ẹ̀bá odò Tiber. Ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn kò bu ọlá fún wọn púpọ̀, ohun tí ó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ìbejì ni Romulus àti Remus, pé ìkookò ni ó fún wọn lọ́mú, pé Romulus pa ìkejì rẹ̀ nítorí odi ìlú, àti pé nígbà tí kò rí ènìyàn tó láti gbé ìlú náà, ó ya ibì kan sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi ìsádi fún ẹrú tí ó sá àti fún ẹni tí òfin ń lé kiri. Bí wọn kò ti ní obìnrin, wọ́n pe àwọn ará Sabine wá síbi ọdún, wọ́n sì jí àwọn ọmọbìnrin wọn gbé. Ìlú tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìsáǹsá àti ajínigbé ni àwọn baba-ńlá òun ti mọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tí àwọn ìlú mìíràn ń fi pamọ́.

Wọ́n lé ọba wọn ìkẹyìn kúrò lórí oyè ní 509 Ṣ.K. gẹ́gẹ́ bí ìtàn wọn ti wí. Ní nǹkan bí 390 Ṣ.K. àwọn ará Gaul wọ inú ìlú náà, wọ́n kó o, wọ́n sì gba wúrà kí wọ́n tó lọ. Títí di àkókò yìí, kò sí ohun tí ó fi hàn pé Róòmù yóò ju àwọn ìlú aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ohun tí ó sọ ọ́ di ńlá ni ohun tí ó ṣe ní 338 Ṣ.K., nígbà tí ó ṣẹ́gun àwọn ìlú Látìn tí ó yí i ká. Aṣẹ́gun ayé ìgbà náà a máa pa, a máa kó lẹ́rú, tàbí kí ó bu ìsákọ́lẹ̀ lé ni. Róòmù tú ẹgbẹ́ àwọn ìlú náà ká, ó sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan dá májẹ̀mú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó fún àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ọmọ-onílùú ní kíkún, ó fún àwọn mìíràn ní ààbọ̀ rẹ̀, ó sì sọ àwọn yòókù di alájọṣe tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n fi ọmọ-ogun ránṣẹ́ bí Róòmù bá ń lọ sógun. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí. Ìlú tí a ṣẹ́gun ní èṣín kò ní ọ̀nà tí yóò fi rí ohun tí ó sọnù gbà padà àfi kí ó bá aṣẹ́gun rẹ̀ lọ ṣẹ́gun ẹlòmíràn ní ọdún yìí, kí ó sì pín nínú ìkógun. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a jà lólè ṣe di alábàápín olè. Nígbà tí Hannibal ti Carthage pa nǹkan bí 50,000 nínú ọmọ-ogun Róòmù àti alájọṣe rẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní Cannae ní 216 Ṣ.K., ó rò pé gbogbo Ítálì yóò ya kúrò lẹ́yìn Róòmù. Capua yà, àwọn ìlú kan ní gúúsù náà yà. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú Látìn kò lọ bá Hannibal. Ní 201 Ṣ.K. ogun náà parí, Róòmù ni ó sì borí.

Ní 155 Ṣ.K. ni ẹnì kan dìde láàárín ìlú Róòmù gan-an tí ó gbé ìbéèrè wa yìí kalẹ̀ ní gbangba. Orúkọ rẹ̀ ni Carneades. Cyrene ni wọ́n ti bí i, ní etíkun Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíyà lónìí. Ṣùgbọ́n Athens ni ó ti jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ tí Plato dá sílẹ̀. Àwọn ará Athens rán òun àti àwọn amòye méjì mìíràn wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ìtanràn 500 tálẹ́ńtì tí a bù lé ìlú wọn. Bí wọ́n ti ń dúró de ìdáhùn, Carneades ń bá àwọn ọ̀dọ́ Róòmù sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní ó sọ̀rọ̀ gbe òdodo lẹ́sẹ̀, ó sì dùn mọ́ gbogbo wọn nínú. Ní ọjọ́ kejì ó tún dìde, ó sì tú gbogbo ohun tí ó ti sọ lánàá palẹ̀. Ó fi yé wọn pé ohun tí ó ṣe ìlú láǹfààní àti ohun tí ó jẹ́ òdodo kì í ṣe ohun kan náà. Àti pé bí àwọn ará Róòmù bá fẹ́ hùwà òdodo, àfi kí wọ́n dá gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ padà, kí wọ́n sì padà sínú ahéré tí wọ́n ti jáde wá.

Cato àgbà gbọ́, ara rẹ̀ kò gbà á. Ó rọ ìgbìmọ̀ àgbà ìlú pé kí wọ́n tètè dá ọ̀ràn àwọn àlejò náà kí wọ́n lè máa bá tiwọn lọ, kí àwọn ọ̀dọ́ Róòmù sì padà sídìí òfin àti àwọn alàgbà wọn. Cato yìí kan náà ni ó wá ń tẹnu mọ́ ọn nínú ìgbìmọ̀, títí ikú fi pa á, pé àfi kí a pa Carthage run. Èmi kò rò pé ó ṣèèṣì pé ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìbéèrè ni ó fẹ́ gbọ́ ìró ogun. Lẹ́yìn nǹkan bí 100 ọdún, Cicero gbìyànjú láti dá Carneades lóhùn nínú ìwé tí ó kọ lórí ìṣèlú. Ó jẹ́ kí ẹnì kan sọ nínú rẹ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà tí ó sàn fún wọn kí ẹlòmíràn máa ṣe olórí wọn, gẹ́gẹ́ bí ọkàn ti ń ṣe olórí ara. Ọlọ́gbọ́n ni Cicero. Ṣùgbọ́n àwọn tirẹ̀ ni ó fi sí ipò ọkàn nínú àfiwé náà, kò sì sí ẹni tí ó lọ bi ara léèrè.

Ara wá ń jìyà. Ní 167 Ṣ.K. Aemilius Paullus ti kó 150,000 ènìyàn lẹ́rú ní Epirus, láti inú nǹkan bí 70 ìlú. Ẹni tí ó ṣe èyí kì í ṣe òǹrorò tí kò mọ ìwé. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ àwọn Gíríìkì dé ibi pé, nínú gbogbo ìkógun ààfin ọba Makedóníà tí ó ṣẹ́gun, àwọn ìwé ọba náà ni ó ní kí àwọn ọmọ òun mú. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ Paullus ka ìwé wọ̀nyí, wọ́n sì di ọ̀mọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn, tí ìdílé Scipio gbà ṣọmọ, ni ó jẹ́ balógun tí ó kó Carthage ní 146 Ṣ.K. lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í láti 149. Wọ́n jó ìlú náà, wọ́n sì ta àwọn tí ó kù nínú rẹ̀ lẹ́rú. Ní ọdún yìí kan náà ni a pa Corinth run ní ilẹ̀ Gíríìkì, tí a sì kó ère àti àwòrán rẹ̀ lọ sí Róòmù. Polybius òpìtàn, ará Gíríìkì tí a ti kó wá sí Róòmù pẹ̀lú nǹkan bí 1,000 ẹni ìdógò, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Scipio nígbà tí Carthage ń jó. Ó ròyìn pé Scipio sunkún, pé ó rántí ìṣubú Troy, àti pé ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹlòmíràn yóò dúró bẹ́ẹ̀ wo iná tí yóò jó Róòmù. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ojú bá sì ń sunkún, a máa ríran lóòótọ́. Ṣùgbọ́n omijé Scipio kò pa iná ilé kan ṣoṣo.

Àwọn tí ó ń gbèjà Róòmù kì í sẹ́ nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a wo ìgbẹ̀yìn, ó sì yẹ kí a bá wọn wò ó dáadáa, nítorí pé ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ yẹpẹrẹ. Àwọn alájọṣe tí a sọ̀rọ̀ wọn ṣáájú dìde ogun ní 91 Ṣ.K. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè kì í ṣe pé kí Róòmù fi wọ́n sílẹ̀, bí kò ṣe pé kí ó gbà wọ́n wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ-onílùú. Nígbà tí wọ́n pa Drusus, ẹni tí ó ń gbìyànjú láti ṣe òfin náà fún wọn, ni wọ́n fa idà yọ, wọ́n dá olú-ìlú tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì rọ owó tí àwòrán akọ màlúù tí ó ń kan ìkookò wà lára rẹ̀. Róòmù borí wọn nípa fífún wọn ní ohun tí wọ́n bèèrè: òfin ọdún 90 Ṣ.K. ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dìde tàbí tí ó ti sọ ohun ìjà kalẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ènìyàn lè rí ogun púpọ̀ nínú ìtàn ayé tí ẹni tí a ń jẹ gàba lé lórí jà nítorí kí ó lè di ará ilé ẹni tí ó ń jẹ gàba lé e.

Ẹ tún wo ọ̀ràn Gaul, ilẹ̀ tí ó di Faransé lẹ́yìn náà. Julius Caesar bá wọn jà láti 58 sí 50 Ṣ.K. Plutarch kọ ọ́ pé ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye, tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, ó sì kó mílíọ̀nù kan mìíràn. Bí àsọdùn bá tilẹ̀ wà nínú iye náà, ìdá kékeré rẹ̀ ti tó láti ba ni nínú jẹ́. Vercingetorix, olórí wọn, tí ó juwọ́ sílẹ̀ ní Alesia ní 52 Ṣ.K., lo ọdún mẹ́fà nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó fi í ṣe ìran wò ní ìgboro Róòmù, tí wọ́n sì pa á. Síbẹ̀, ní ọdún 48 L.K., Késárì Claudius dúró níwájú ìgbìmọ̀ àgbà ìlú, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn ìjòyè Gaul sínú ìgbìmọ̀ náà. A rí lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí pátákó idẹ kan tí a wú nílẹ̀ ní Lyon ní 1528. Nínú bí Tacitus ṣe ròyìn ọ̀rọ̀ náà, Claudius sọ pé ohun tí ó pa Athens àti Sparta ni pé wọ́n ń lé àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun sẹ́yìn bí àjèjì, ṣùgbọ́n Romulus a máa bá ènìyàn jà ní òwúrọ̀, a sì máa sọ ọ́ di ará ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n gbà á. Ní 193 L.K., ọmọ Áfíríkà kan, Septimius Severus, tí a bí ní Leptis Magna, ìlú tí àwọn ará Fòníṣíà, ìbátan àwọn ará Carthage, dá sílẹ̀, gun orí ìtẹ́ Késárì. Ọmọ rẹ̀, Caracalla, ni ó fún nǹkan bí gbogbo ọmọlúàbí tí kì í ṣe ẹrú káàkiri ilẹ̀-ọba náà ní ẹ̀tọ́ ọmọ-onílùú ní 212 L.K. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe orúkọ lásán. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì yóò rántí bí ẹ̀rù ṣe ba balógun tí ó fẹ́ na Pọ́ọ̀lù nígbà tí ó gbọ́ pé ará Róòmù ni, tí ó sì jẹ́wọ́ pé òun fi owó ńlá ra tòun.

Bí ẹjọ́ wọn ti rí nìyẹn. Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ni iye tí a san. Aláàárù tí ó jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ni ó jẹ. Ilé ìwẹ̀, òpópó àti tẹ́ḿpìlì tí ó kún Gaul, Sípéènì àti Áfíríkà Àríwá, owó-orí àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀ ni a fi kọ́ wọn; bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú wọ̀nyẹn náà ń fi tinútinú náwó kí orúkọ wọn lè hàn lára ògiri. Cassius Dio, tí ó gbé ayé nígbà Caracalla, sọ pé nítorí owó ni Késárì náà ṣe ṣe é, nítorí pé ọmọ-onílùú nìkan ni ó ń san owó lórí ogún, Caracalla sì ti sọ owó náà di ìdá mẹ́wàá dípò ìdá ogún. Ohun mìíràn tí àwọn ìwé ilé-ìwé kì í sábà sọ ni pé nígbà tí ẹ̀tọ́ náà fi kárí gbogbo ènìyàn, iyì rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀: òfin ti ń pín àwọn ọmọ-onílùú fúnra wọn sí ẹni ńlá àti mẹ̀kúnnù, ó sì ń na mẹ̀kúnnù bí a ti ń na ẹrú. A ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n yàrá tí ó dára ti lọ sí òkè àjà.

Tacitus, tí a dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, rí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agricola, àna rẹ̀, ni gómìnà erékùṣù Bìrìtéènì láti nǹkan bí 77 sí 84 L.K. Kò pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà tí Boudica, opó ọba àwọn Iceni, dìde ogun ní 60 tàbí 61 L.K. nítorí pé àwọn aṣojú Róòmù nà án ní pàṣán, wọ́n fipá bá àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lò, wọ́n sì gba ogún ọkọ rẹ̀. Ó jó Colchester, London àti ìlú tí a ń pè ní St Albans lónìí kí wọ́n tó borí rẹ̀. Agricola gba ọ̀nà mìíràn. Ó kó àwọn ọmọ ìjòyè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gbà wọ́n níyànjú láti kọ́ tẹ́ḿpìlì àti ilé tí ó gún régé, títí tí aṣọ Róòmù, ilé ìwẹ̀ àti àsè aláràbarà fi wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀rọ̀ tí Tacitus sọ lórí èyí korò: ó ní àwọn tí kò mọ̀ ń pe èyí ní ọ̀làjú, bẹ́ẹ̀ apá kan ìsìnrú wọn ni. Kí a sì kíyè sí i pé ọmọ Róòmù ni ó sọ ọ́, nípa àna tí ó fẹ́ràn, nínú ìwé tí ó kọ láti yìn ín.

Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, kí a gbà pé ire náà jẹ́ ire pátápátá. Ta ni a ó bi léèrè bóyá ó tó? Òkú Alesia kò lè dáhùn. Àwọn tí ó lè dáhùn ni ìjòyè Gaul tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ ní 48 L.K., ọmọ-ọmọ àwọn tí a ṣẹ́gun. Òun yóò ní ó tó, nítorí pé ìṣẹ́gun náà ni ó mú un jẹ́ ẹni tí ó jẹ́; èdè tí yóò fi dáhùn gan-an, èdè aṣẹ́gun ni. Bí mo bá jẹ Òjó ní gbèsè, tí mo sì lọ san owó náà fún Àìná, Àìná lè dúpẹ́ títí, gbèsè Òjó wà nílẹ̀. Ẹnì kan lè ní àrólé Òjó ni Àìná, àti pé a lè san gbèsè òkú fún àrólé rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san gbèsè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé òun jẹ gbèsè. Claudius kò sọ fún ìgbìmọ̀ pé a jẹ àwọn ará Gaul ní ohunkóhun. Ó sọ fún wọn pé yóò ṣe Róòmù láǹfààní. Ibi tí Carneades fi wọ́n sí ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ni wọ́n ṣì wà. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é, ẹ̀bùn kì í sì í pa gbèsè rẹ́.

Nígbà náà ni olùgbèjà Róòmù yóò ju ohun ìjà rẹ̀ ìkẹyìn. Yóò ní, bí kì í bá ṣe idà, báwo ni òfin, ìwé àti ìmọ̀ ìkọ́lé yóò ṣe dé ibi tí wọ́n dé? Ó dà bí ẹni pé kò sí èsì fún èyí. Ṣùgbọ́n ìtàn Róòmù fúnra rẹ̀ ni èsì náà. Gíríìkì kò ṣẹ́gun Róòmù rí. Róòmù ni ó ṣẹ́gun Gíríìkì, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ Gíríìkì ni ó borí nílé aṣẹ́gun. Ìtàn sọ pé ẹrú tí a dá sílẹ̀ ni Livius Andronicus, láti Tarentum, ìlú àwọn Gíríìkì ní Ítálì. Òun ni ó túmọ̀ ìtàn Odysseus sí èdè Látìn, tí ó sì gbé eré orí-ìtàgé kalẹ̀ ní Róòmù ní 240 Ṣ.K. Lítíréṣọ̀ Látìn ti ọwọ́ ẹni tí a ṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí Róòmù wá tẹ́wọ́ gbà níkẹyìn, láti Judea ni ó ti wá, ilẹ̀ tí Róòmù wó tẹ́ḿpìlì rẹ̀ ní 70 L.K. Kò sí ọmọ-ogun Judea kankan tí ó gbé e wá.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Ireland. Róòmù kò ṣẹ́gun erékùṣù yìí rí, kò la òpópó kan síbẹ̀, kò sì gba owó-orí kan níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún karùn-ún L.K., nígbà tí agbára Róòmù ń wó lọ, ni ẹ̀sìn àti ìwé Látìn dé ibẹ̀ láti ọwọ́ àwọn oníwàásù bíi Patrick, ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ ti jí gbé ṣe ẹrú rí. Àwọn ará Ireland kọ́ Látìn, wọn kò sì pàdánù èdè tiwọn. Kódà wọ́n fi lẹ́tà Látìn náà kọ èdè wọn sílẹ̀. Ní 614 L.K. Columbanus, ọ̀kan nínú wọn, dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Bobbio ní àríwá Ítálì, ilé tí ó di olókìkí nítorí àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí idà Róòmù kò dé ṣe rán olùkọ́ Látìn lọ sí Ítálì. Ẹ fi wé Gaul, tí èdè rẹ̀ kú pátá. Ohun tí Gaul rí gbà, Ireland náà rí púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà, kò sì san Alesia kankan.

Mo mọ ohun tí a lè fi ta ko èyí. Bí Róòmù kò bá ṣẹ́gun Gaul, bóyá Látìn kì bá tí níyì tó ohun tí ará Ireland yóò jókòó kọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi hàn ni pé idà a máa fi iyì kún èdè. Kò fi hàn pé idà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìmọ̀ ń gbà rìn. Ẹ̀rí mìíràn wà níwájú òǹkàwé báyìí. Lẹ́tà tí a fi tẹ ojú-ìwé yìí, lẹ́tà Róòmù ni. Àwọn ará Róòmù gbà á lọ́wọ́ àwọn Gíríìkì nípasẹ̀ àwọn Etruscan. Àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Fòníṣíà, àwọn tí ó tẹ Carthage dó. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yìnbọn sí Èkó. Ọdún 1851 ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Ìwé ṣáájú àgbá ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ọ̀nà tí Crowther gbà dé ìdí ìwé kò ṣàìní ẹrú àti ọkọ̀ ogun nínú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a fi sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò ti Róòmù wá.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ìwà méjì ni ó wà níhìn-ín, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan san ti èkejì. Ìṣẹ́gun jẹ́ ìwà kan, ìdájọ́ rẹ̀ dúró lọ́tọ̀, ó sì burú. Ṣíṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí a ṣẹ́gun jẹ́ ìwà kejì, ó dára, kódà ó ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọ̀pọ̀ aṣẹ́gun ni ó ṣe ti àkọ́kọ́ tí wọn kò sì ṣe ti ìkejì rárá. Ẹni tí ó jí ọmọ gbé, tí ó sì wá rán an ní ilé-ìwé, sàn ju ẹni tí ó jí ọmọ gbé tí ó sì pa á lọ. Bí ó bá dé iwájú adájọ́, ẹjọ́ ìjínigbé ni yóò rò. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ṣètò ìbéèrè ìdánwò, n kì bá ti bèèrè bóyá àǹfààní pọ̀ ju ìpalára lọ. N ó bèèrè pé: nínú ire tí a kà sí Róòmù lọ́wọ́, èwo ni kì bá tí dé láìsí ogun, kí ni o sì fi mọ̀?

Ẹni tí ó gbé ọ̀ràn yìí dé ibi tí ó jìn jù lọ nínú èdè Látìn, ọmọ Áfíríkà ni. A bí Augustine ní Thagaste, ní ilẹ̀ Àlùjíríà òde òní, ní 354 L.K. Nígbà tí àwọn Visigoth kó Róòmù ní 410 L.K., tí àwọn ènìyàn ń wí pé nítorí pé a pa òrìṣà àtijọ́ tì ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Ìlú Ọlọ́run, ìwé tí ó di apá 22 kí ó tó parí. Níbẹ̀ ni ó ti bèèrè pé, bí a bá yọ òdodo kúrò, kí ni ó tún ya ìjọba ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà. Ìbéèrè Carneades ni ó padà dé, láti etíkun Áfíríkà kan náà, nínú èdè àwọn tí a ń bi. Augustine kò kórìíra Róòmù. Ìwé rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ó jẹ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ìyẹn di òun lẹ́nu.

Nígbà tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Hippo, ó fẹ́ yan bíṣọ́ọ̀bù fún Fussala, ìletò kan tí ó tó 40 máìlì sí ìlú rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ èdè Carthage síbẹ̀, ó ju 550 ọdún lọ lẹ́yìn tí Scipio ti jó Carthage. Nítorí náà ó wá ẹni tí ó gbọ́ èdè wọn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí kọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ni ó bá yára fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Antoninus, tí ó tọ́ dàgbà nínú ilé àwọn mọ́ńkì rẹ̀, rọ́pò. Antoninus gbọ́ èdè àwọn ènìyàn náà dáadáa. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi ń dé: ó ń fi agbára gba nǹkan wọn, ó ń ni wọ́n lára. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó lórí ọ̀ràn náà, wọ́n fi oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n wọ́n gba Fussala lọ́wọ́ rẹ̀. Antoninus kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Róòmù.